Bí Bọ́ọ̀lù Bá Bọ́ Lẹ́sẹ̀ Wa

Ọdún díẹ̀ ni mo fi ṣe igbákejì kóòṣì fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin kan ní Ìlọrin. Ohun tí mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ náà jù lọ ni ohun tó yẹ kí ènìyàn ṣe nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àti nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á padà. Gólì ni gbogbo ayé ń wò. Èmi, àsìkò kékeré tó wà láàárín ni mo máa ń wò, ìgbà tí ẹgbẹ́ kan kò tíì mọ̀ pé òun ti di ẹni tí wọ́n ń lé, tí èkejì kò sì tíì gbà pé òun ló ń lé wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jí nínú àwọn méjèèjì ló ni ayò.

Èmi náà ti gbá bọ́ọ̀lù rí kí orúnkún tó dá mi dúró. Alfa ni bàbá mi, wọ́n ní ilé-kéwú lẹ́yìn Ọjà-Ọba, àwọn aládùúgbò sì rò pé wọn ò ní gbà kí n máa gbá bọ́ọ̀lù. Ohun tí bàbá mi sọ fún mi kò ju pé kí n bo ara mi, kí n má sì jẹ́ kí ìrun kọjá mi. Híjáàbù lórí, fèrè lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń dúró lórí pápá lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀ díẹ̀.

Mo máa ń pín àwọn ọmọ náà sí ọ̀nà méjì lórí ìdajì pápá. Àwọn kan á wọ bíìbù pupa lé aṣọ wọn, àwọn tó kù á wọ aṣọ ara wọn. Bí àwọn pupa bá ti ń gbá a dáadáa, tí ọkàn wọn ti balẹ̀, màá fọn fèrè, màá ju bọ́ọ̀lù mìíràn sí àwọn kejì, ti àkọ́kọ́ ti kú nìyẹn. "Yí padà!" ni màá máa pariwo. Àwọn pupa tó sún mọ́ bọ́ọ̀lù tuntun náà gbọ́dọ̀ ká ẹni tó ní in mọ́ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má jẹ́ kó gbójú sókè. Àwọn tó kù á sáré wọ àárín, wọ́n á dí ọ̀nà gólì pa. Àwọn tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí bọ́ọ̀lù gbà, iwájú ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, kí ẹni tó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì ti máa sáré kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni tó gbà á.

Níbẹ̀rẹ̀, bí mo bá fọn fèrè, ńṣe ni wọ́n á fọwọ́ lé ìbàdí, tí wọ́n á máa wò mí.

"Àńtí Kóòṣì, àwa la ṣì ní bọ́ọ̀lù o!"

"Ẹ ò ní in mọ́. Ibi tí ẹ ti ń bá mi jiyàn, wọ́n ti gbá a sáwọ̀n."

Ọmọ kan wà láàárín wọn tí mi ò ní dárúkọ. Nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ là ń fi pè é, Mẹ́jọ. Kò lè sáré ju àwọn tó kù lọ, síbẹ̀ òun ló máa ń kọ́kọ́ dé. Ó máa ń mọ̀ pé bọ́ọ̀lù fẹ́ bọ́ bí àwọn àgbà ṣe máa ń gbọ́ òórùn òjò kó tó dé. Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń yọ̀ lórí bọ́ọ̀lù, òun á ti máa rìn bọ̀ lẹ́yìn jẹ́jẹ́, á ti máa lọ síbi tí wàhálà máa gbà yọ. Mo fẹ́ràn ọmọ náà gan-an.

Alága ẹgbẹ́ wa, olówó kan tó ń gbé ní GRA, ló mú ọ̀gá kóòṣì tuntun wá. Ó ní bọ́ọ̀lù wa dùn-ún wò, àmọ́ ife ẹ̀yẹ ni òun fẹ́. Ọkùnrin tó mú wá náà jù mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Mo mọ̀ pé "wọ́n" ló yẹ kí n máa lò fún un bí mo ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé nìyẹn. Mo ti gbìyànjú rẹ̀. Ọ̀wọ̀ náà kò jáde.

Itọ́ ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n mọ́. Orógbó kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, orí koríko tí àwọn ọmọ náà ń dùbúlẹ̀ sí láti na ẹsẹ̀ wọn ló sì máa ń tu pàǹtí rẹ̀ sí. Wọ́n á fi bàtà gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó dùbúlẹ̀. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ máa ń fẹ̀yìn lélẹ̀ níbẹ̀ yẹn." Ó wò mí, ó sì tu òmíràn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó dé, ó dúró wo bí mo ṣe ń fọn fèrè tí àwọn ọmọ ń yí padà. Ó rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ó pe gbogbo wa jọ.

"Gbogbo eré tí ẹ ń sá yìí, ta ló rán yín níṣẹ́ rẹ̀?" ó ní. "Bí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́, tí ẹnì kan ti gbé e, tó ń lọ, ẹ má wo bọ́ọ̀lù mọ́. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ wò. Bọ́ọ̀lù lè kọjá, ẹni tó gbé e ò gbọdọ̀ kọjá."

Èmi kì í ṣe ọmọdé nínú bọ́ọ̀lù. Mo mọ̀ pé ènìyàn lè fa aṣọ ẹni tó fẹ́ sá mọ́ ọn lọ́wọ́, kí rẹfirí yọ káàdì, kí eré máa lọ. Èyí tí ọkùnrin yìí ń kọ́ wọn yàtọ̀ sí ìyẹn. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ó ní kó máa sáré jẹ́jẹ́, ó wá ń fi hàn wọ́n bí ènìyàn ṣe ń gba ẹ̀yìn wá láti ibi tí rẹfirí kò ti ríran, àti bó ṣe ń tẹ gìgísẹ̀ ẹni náà mọ́lẹ̀ ní ìgbà tí gbogbo ara onítọ̀hún bá wà lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi ń ṣàlàyé rẹ̀, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní bí wọ́n ṣe ń di irun.

"Èyí tó kù ló ṣe pàtàkì jù," ó ní. "Bó bá ti ṣubú, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kúnlẹ̀. Di ọwọ́ rẹ̀ mú. Sọ pé, 'Jọ̀ọ́, má bínú, mi ò mọ̀ọ́mọ̀.' Jẹ́ kí ojú rẹ rọ̀. Ènìyàn ni rẹfirí, obìnrin tó bá kúnlẹ̀ a máa ṣe é láàánú."

Ó tò wọ́n ní méjì-méjì. Ọ̀kan á ṣubú, èkejì á kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ náà kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, ojú sì ń tì wọ́n. Ó bínú. "Ojú yẹn ò tíì rọ̀! Tún un ṣe!" Ó fi ìka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yọ orógbó láàárín eyín gbé àgbọ̀n ọ̀kan nínú wọn sókè, ó ní, "Báyìí. Kí omi sún mọ́ ojú." Mo dúró síbẹ̀ tí mò ń wo àwọn ọmọ tí mo mọ ìyá wọn, tí wọ́n ń fi ìkúnlẹ̀ tí wọ́n fi ń kí òbí wọn láàárọ̀ kọ́ irọ́. Ìríra tó bò mí lọ́jọ́ náà, mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí.

Nígbà tí wọ́n lọ mu omi, mo bá a nídìí igi tó jókòó sí.

"Ọ̀gá, ohun tí ẹ ń kọ́ wọn yìí kò dáa. Wọ́n máa ṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́sẹ̀."

Kò tilẹ̀ bínú. "Àńtí, ẹ máa kọ́ wọn ní eré sísá yín," ó ní. "Ó dára gan-an. Òun ló ń jẹ́ kí wọ́n tètè débẹ̀. Èmi á máa kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa ṣe bí wọ́n bá débẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà lẹ̀ mọ́ mi lára bí oje igi. Mo délé, mo wẹ̀, mo tún wẹ̀. Mo pe alága lórí fóònù, ó ní kí n jẹ́ kí ọkùnrin náà ṣiṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀síbẹ̀, mo dúró sínú ẹgbẹ́ náà, torí mo rò pé bí mo bá lọ, kò ní sí ẹni tó máa sọ ọ̀rọ̀ mìíràn sí àwọn ọmọ náà létí mọ́. Bí èmi bá ní kí wọ́n ká a mọ́, kí wọ́n gba bọ́ọ̀lù, òun á ní kí wọ́n wo ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ tirẹ̀ ṣe dáadáa. Àmọ́ Mẹ́jọ mọ̀ ọ́n. Òun ló tètè ń débẹ̀, òun ló tún mọ ìkúnlẹ̀ náà ṣe jù. Ọkùnrin náà a máa fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tó kù.

Ìdíje dé, a gba ẹgbẹ́ ìlú mìíràn lálejò. Bí a bá borí wọn, a dé àṣekágbá. Gólì kan la fi ṣáájú wọn, eré sì ti ń lọ sópin nígbà tí a rí kọ́nà gbà. Gbogbo àwọn tiwa ló ya síwájú. Aṣọ́lé wọn gba bọ́ọ̀lù náà mú, ó sì jù ú sí ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lápá ọ̀tún, tó ti ká ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Ọmọ náà kò wẹ̀yìn. Ó ti bọ́ọ̀lù síwájú, ó sì tẹ̀ lé e. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ti ń sáré bọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ya ara wọn sọ́tùn-ún sósì, gẹ́lẹ́ bí mo ṣe máa ń bẹ àwọn tiwa pé kí wọ́n ṣe é. Mo dìde dúró. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo gbàgbé ẹgbẹ́ tí mo wà.

Mẹ́jọ nìkan ló ti jí nínú àwọn tiwa. Ó gba àárín pápá, ó sì lé e bá. Mo mọ ẹsẹ̀ ọmọ yẹn dáadáa: ó ti bá a dọ́gba, bọ́ọ̀lù sì ti jìnnà díẹ̀ sí ẹni tó ń gbé e lọ. Ó lè gbà á. Ó bojú wo ibi tí rẹfirí wà. Ó wá fà sẹ́yìn díẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ láti ẹ̀yìn.

A gbọ́ ìró rẹ̀ níbi tí a jókòó sí. Mi ò ní fi wé nǹkan kan.

Kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ wọn, Mẹ́jọ ti kúnlẹ̀. Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, ojú rẹ̀ rọ̀, omi sún mọ́ ọn. Rẹfirí wò ó, ó yọ káàdì yẹ́lò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọ̀gá kóòṣì ń pàtẹ́wọ́. "Ẹ rí i! Ẹ rí ọmọ mi!" ló ń wí, àwọn tó jókòó sórí bẹ́ńṣì sì bá a pa á.

Mo wọ inú pápá lọ. Tíṣà obìnrin kan ṣoṣo ló tẹ̀ lé àwọn àlejò náà wá, dírẹ́bà bọ́ọ̀sì wọn sì ti lọ wá oúnjẹ. Mo sáré lọ bá alága, mo ní kó jẹ́ ká fi jíìpù rẹ̀ gbé ọmọ náà dé ilé ìwòsàn.

"Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ àti erùpẹ̀ wà lára rẹ̀ yẹn?" ó ní. "Funfun ni ìjókòó ọkọ̀ yìí, Àńtí. Ẹ wá kẹ̀kẹ́."

Kẹ̀kẹ́ la wọ̀. Orí ọmọ náà wà lórí itan tíṣà rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí itan mi, a fi ìwé páálí méjì gbá a mú. Ní Táíwò Road, ọkọ̀ há, gbogbo ihò tí táyà bá bọ́ sí ló ń jẹ́ kí ọmọ náà já ètè ara rẹ̀ jẹ. Kò sunkún. Nígbà tó yá, ó pè mí.

"Àńtí, ṣé wọ́n fún wa ní fíríkíìkì?"

"Wọ́n fún yín."

"Kó jẹ́ Mẹ́wàá wa ló gbá a. Òun ló mọ̀ ọ́n gbá jù." Kẹ̀kẹ́ náà kọjá àwọn ṣọ́ọ̀bù kan. Ó wá ní, "Ẹni yẹn bẹ̀ mí. Ó kúnlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sunkún. Kì í ṣe ẹni burúkú."

Mo yọ orí sí ìta kẹ̀kẹ́, mo sì bì. Tíṣà náà rò pé ẹ̀jẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù, ó ń kí mi pẹ̀lẹ́.

Egungun méjèèjì tó wà nínú ojúgun ló ṣẹ́. Àwa la borí nínú ayò náà.

Ní ọjọ́ kejì, alága ní kí gbogbo wa wá sí ilé òun ní GRA. Wọ́n ti gbé ẹran díndín àti ohun mímu tútù sórí tábìlì. Ọ̀gá kóòṣì jókòó sórí àga tìmùtìmù, ó ń họ egungun. Bó ṣe rí mi, ó na ọwọ́ tí òróró wà lára rẹ̀ sí mi.

"Àńtí wa dé! Wàláì, eré sísá yín yẹn ló gbà wá. Bí ọmọ yẹn ò bá tètè débẹ̀, wọn ì bá ti jẹ wá."

Mi ò gba ọwọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ọmọ ọlọ́mọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ò tilẹ̀ béèrè bó ṣe wà."

Alága bú sẹ́rìn-ín. "Àńtí, bọ́ọ̀lù nìyẹn. Kì í ṣe ilé-kéwú bàbá yín."

"Ẹ fi bàbá mi sílẹ̀, sà," mo ní. "Bàbá mi ń kọ́ àwọn ọmọ láti kúnlẹ̀ fún Ọlọ́run àti fún àgbà. Ẹ̀yin ń kọ́ wọn láti kúnlẹ̀ ti ẹni tí wọ́n ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, kí wọ́n lè rí ayò jẹ. Mi ò bá yín ṣe mọ́."

Mo kó àwọn bíìbù pupa tí mo gbé wá kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran náà, mo sì jáde. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn títí dé gééètì.

Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi, wọ́n ń ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá ń fi ẹ̀bẹ̀ ṣeré, tó bá yá, àdúà rẹ̀ náà á di eré. Ìyẹn ni wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Ti ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ yẹn, ó ṣì lè jinná."

Mẹ́jọ wá bá mi nílé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Mi ò purọ́, ojú rẹ̀ kò wù mí í rí. Mi ò ní kó jókòó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ìka fa etí híjáàbù rẹ̀.

"Àńtí Kóòṣì, mi ò lọ sí pápá mọ́."

"Kí ló dé? Ọmọ àmúṣàpẹẹrẹ ni ẹ́."

Ó gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ra. Ó ní, "Nígbà tí mo kúnlẹ̀ tì í, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ ní tòótọ́. Àmọ́ ojú tí ọ̀gá kọ́ wa yẹn ló wá sójú mi. Mi ò mọ èwo ló jẹ́ tèmi nínú méjèèjì. Títí di ìsinsìnyí mi ò mọ̀ ọ́n."

Ìgbà náà ni mo ní kó wọlé. Ìríra tó wà nínú mi kò lọ, àmọ́ ó kúrò lórí ọmọ náà.

A jọ lọ sí ìlú ọmọ tó fara pa. Ìyá rẹ̀ mú wa wọ yàrá. Ọmọ náà jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú sìmẹ́ńtì funfun tí àwọn dókítà fi dè é, lórí ìrọ̀rí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tó rí Mẹ́jọ. Mẹ́jọ kò kúnlẹ̀ kí ìyá náà. Ó dúró gbọnrangandan. Mo rí i tí ìyá náà ń wò ó bí ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé, mo sì mọ ìdí tí kò fi kúnlẹ̀, mi ò sì lè sọ ọ́.

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni," Mẹ́jọ wí. "Mo lè gba bọ́ọ̀lù, mi ò gbà á. Ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n kọ́ wa ni."

Ẹ̀rín kúrò lójú ọmọ náà. Ó wo Mẹ́jọ títí, bí ẹni tó ń wá ojú tó rí lọ́jọ́ náà, tí kò rí i mọ́. "O ò bá má wá," ó ní. Ó kọjú sí ògiri. Ìyá rẹ̀ dìde, ó sì ṣílẹ̀kùn fún wa.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà, rédíò ń sọ̀rọ̀. Mo mọ ohùn náà kí wọ́n tó sọ ẹni tó jẹ́. Wọ́n pe ọ̀gá kóòṣì wá sórí afẹ́fẹ́ kó wá sọ̀rọ̀ lórí ìwà ọmọlúàbí láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù obìnrin. Ó ń sọ ọ́ lọ geere, ó ní ẹ̀kọ́ ilé ni òun kọ́kọ́ ń wò lára ọmọ. Dírẹ́bà yí ohùn rẹ̀ sókè. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó pa á.

"Ṣé ẹ ò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ni, Àńtí?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀," mo ní. "Ẹ ṣáà bá mi pa á."

Ọmọ tó fara pa náà ti ń rìn báyìí, tíṣà rẹ̀ ló sọ fún mi. Kò tíì tún gbá bọ́ọ̀lù. Mẹ́jọ ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ ìyá kan, ó sì ní kí n má pe òun ní Mẹ́jọ mọ́, kí n máa pe orúkọ tí bàbá òun sọ òun. Ọ̀gá kóòṣì náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo pàdé rẹ̀ ní Ọjà-Ọba láìpẹ́ yìí, ó ń ra orógbó. Ó kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, ó béèrè àlàáfíà bàbá mi. Mo sọdá sí òdìkejì, mo sì bá ọ̀nà tèmi lọ.